Àáró Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní ìlú Accra gba òwe yìí gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè mìíràn ni wọ́n fi ń pa á níbẹ̀. Ní Yunifásítì Gánà ní Legon, ní Accra Technical University, àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó yí wọn ká, àwọn olùkọ́ a máa pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ẹni márùn-ún níhìn-ín, ẹni méje lọ́hùn-ún, wọn a sì gbé iṣẹ́ kan ṣoṣo lé gbogbo wọn lọ́wọ́. Èrò wọn dára. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé ìka tí a kó jọ lásán ni ó ń sọ àyà. Ìka tí kò bá mọ ipò rẹ̀ kò lè di ìkúùkù.

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wí. Àìsí ìwé ètò àjùmọ̀kọ ni. Ìwé náà kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni, tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ kọ, tí gbogbo wọn ń rí, tí ó sọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí, àti bí a ó ti mọ̀ pé ó ti parí lóòótọ́. Àwọn tí kò bá ní irú ìwé yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Èrò ọkọ̀ ni wọ́n, tí ó kàn jókòó pọ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì fún wọn ní iṣẹ́ láìbèèrè ìwé náà, kí ó má ṣe dá wọn lẹ́bi nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, nítorí pé òun gan-an ni ó ti kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń rí nìyí. Ní ọjọ́ tí a bá pín iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà yóò kó ara wọn jọ sí abẹ́ igi, wọn yóò gba nọ́ńbà ara wọn, ẹnì kan yóò sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ariwo yóò pọ̀ níbẹ̀ bí ọjà Makola: èyí yóò ní òun yóò wá ìwé kà, ìyẹn yóò ní òun yóò lọ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn yóò fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìròyìn bọ́ọ̀lù yóò ti bo gbogbo ìlérí wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ bá ku ọ̀la, obìnrin kan nínú wọn, tí ẹ̀rù máàkì ń bà, yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò kọ gbogbo rẹ̀ tán, yóò sì sáré gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé. Orúkọ mẹ́fà ni yóò wà ní èèpo ìwé náà. Ọgbọ́n orí kan ṣoṣo ni yóò wà nínú rẹ̀. Máàkì tí olùkọ́ bá sì fún un, dọ́gba dọ́gba ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò pín in.

Ìyà obìnrin yìí hàn sí gbogbo ènìyàn, wọ́n sì máa ń káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà kejì wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ. Nínú àwọn mẹ́fà náà, ẹnì kan ń ti Kasoa wá sí ilé ẹ̀kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń du àyè nínú trotro. Kí ilẹ̀ sì tó ṣú ni ó gbọ́dọ̀ padà, nítorí pé ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ọjà. Àwọn márùn-ún yòókù ń gbé ìtòsí ara wọn. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun alẹ́ ni wọ́n ti pín iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti tún un pín nígbà tí ìpín àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò ní in lọ́kàn láti pa á tì. Wọ́n kàn rò pé ẹlòmíràn ti sọ fún un ni. Nígbà tí ó béèrè, wọ́n ní, "A ti pín in tán." Nígbà tí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Kò bá wa ṣe é." Òun kò sì ní ẹ̀rí kankan tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tí a kò pè sí oko ni a wá pè ní ọ̀lẹ.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àṣìṣe láti máa pe ìwé ètò ní pàṣán tí a fi ń na ọ̀lẹ. Ààbò ni fún ẹni tí ó jìnnà, fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, fún ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ nínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa tẹ̀lé ọ̀rẹ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn bákan náà.

Kò yẹ kí ọ̀ràn yìí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìlú Accra yìí kan náà ni olú ilé-iṣẹ́ WAEC wà, ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1952. Ojú ọ̀nà ìdánwò ni ọmọ Gánà ń tọ̀ láti kékeré, láti BECE dé WASSCE: tábìlì kan, àga kan, bírò kan, ẹni tí ó bá sì wo ọ̀tún tàbí òsì, olè ni. Kò burú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdánwò gbọ́dọ̀ fi ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti fi ọdún méjìlá kọ́ láti máa dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí a wá tì í sí àárín ẹni márùn-ún lójijì, tí a ní, "Ẹ jọ ṣe é," níbo ni yóò ti rí ọgbọ́n àjùmọ̀ṣe? Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí Gánà gbé kalẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ka ìbánisọ̀rọ̀ àti àjùmọ̀ṣe mọ́ àwọn ọgbọ́n pàtàkì tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ní. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n dídárúkọ oògùn kì í wo àìsàn. A gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é han ọmọ.

Ọ̀nà náà kò sì ṣàjèjì. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ọ̀nà méjì tí ènìyàn púpọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ kan, wọn kò sì da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì rí. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnì kan pe ará àti ọ̀rẹ́ wá sí iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó pèsè oúnjẹ àti ẹmu fún wọn, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, kí olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ni oko ni ó ni èrè. Ẹni tí ó bá ṣe púpọ̀, a kí i. Ẹni tí ó bá ṣe díẹ̀, a kí òun náà. Àáró yàtọ̀ sí èyí. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa yí oko ara wọn ká: lónìí, oko Àjàní, lọ́tùn-únla, oko Àkànní. Gbèsè ni ọjọ́ tí ènìyàn bá gbà, ó sì gbọ́dọ̀ san án. Àwọn Akan ní Gánà ní irú rẹ̀, nnoboa ni wọ́n ń pè é, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì ti fi ṣe iṣẹ́ ńlá.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àáró ni, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò jọ kórè máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹnì kan ni ó ń kọ ebè. Àwọn yòókù ń wá jẹ iyán.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn alááró kò ní ìwé kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé oko fúnra rẹ̀ ni ìwé wọn. Ojú kan ni gbogbo wọn wà, oòrùn kan náà ni ó ń pa wọ́n, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sì lè ka ebè tí ẹnì kejì rẹ̀ kọ. Ebè kò ṣeé fi pa mọ́. Iṣẹ́ orí ni ó ṣeé fi pa mọ́. Ẹni tí ó ní òun ń ronú, tí ó ní òun ń kàwé, tí ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ta ni yóò wo inú orí rẹ̀? Nígbà tí oko bá ti di ohun tí ojú kò lè rí, àfi kí a wá ohun tí yóò fi í han ojú. Ìwé ètò ni ilẹ̀ oko náà, tí a tẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo alááró lè máa rí ebè ara wọn.

Bákan náà ni àwọn Krobo, tí ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí Accra, mọ èyí dáadáa. Polly Hill kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó Gánà tí ó jáde ní 1963. Wọ́n a máa kó owó jọ láti ra ilẹ̀ ńlá kan tí ẹnì kan kò lè dá rà. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní huza. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í parí sí ibi tí a ti kó owó jọ. Okùn ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ náà ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, gẹ́gẹ́ bí owó tí olúkúlùkù mú wá ti tó, kí olúwarẹ̀ lè mọ ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ìfẹ́ ni ó kó wọn jọ. Okùn ni kò jẹ́ kí ìfẹ́ náà di ìjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún ń ṣiyè méjì, kí ó wọ inú ọjà Makola lọ. Níbẹ̀ ni alájọ ti ń kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí ó ń gba owó tí àwọn ará Gánà ń pè ní susu, èyí tí orúkọ rẹ̀ jọ ti èsúsú Yorùbá. Àwọn Yorùbá tí ó gbé Accra New Town nígbà tí a ṣì ń pè é ní Lagos Town kò ṣe àlejò nínú ètò bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń ta tòmátì ní káàdì kan lọ́wọ́, alájọ sì ní ìwé tirẹ̀. Ní ojoojúmọ́, ní ojú ara wọn, a ó sàmì sí ọjọ́ náà. Nígbà tí oṣù bá parí, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀yà rẹ̀, yóò sì kó ìyókù lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ìyá yìí kò mọ a yàtọ̀ sí b, síbẹ̀ ó ní ìwé àjùmọ̀ní tí ó ń sọ ẹni tí ó san, ọjọ́ tí ó san, àti iye tí ó kù. Ṣé kò wá jẹ́ ohun ìtìjú pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lọ sí kíláàsì, kò ní irú rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ náà ti fi ìdánwò wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1913 ni Maximilien Ringelmann, ará Faransé kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nípa àwọn ènìyàn tí ó ń fa okùn. Bí a bá pe agbára tí ẹnì kan fi ń dá fà á ní 100, nígbà tí wọ́n di méjì, agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sí 93. Nígbà tí wọ́n di mẹ́ta, ó di 85. Nígbà tí wọ́n sì di mẹ́jọ, ó di 49. Ìdajì agbára ti ṣòfò! Ohun méjì ni a rí pé ó fà á: wọn kì í fà á pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù sì ń fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn ẹnì kejì. Ní 1979, Bibb Latané àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún irú ìdánwò yìí ṣe pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́ àti igbe, bákan náà ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ní 1981 wọ́n fi ohun kan hàn tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ fi sọ́kàn: nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà pé a lè mọ ohùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ìfarapamọ́ náà dópin. Kò sí ẹni tí ó bú wọn, kò sì sí ẹni tí ó wàásù fún wọn. A kàn jẹ́ kí iṣẹ́ olúkúlùkù hàn ni.

Ìwé ètò ń wo ohun méjèèjì sàn: ó ń jẹ́ kí wọ́n fà á pọ̀ ní àkókò kan náà, ó sì ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ń fà á. Ká ní a fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ̀wé lórí ìdí tí odò Odaw fi ń kún bo àdúgbò Kwame Nkrumah Circle, níbi tí ènìyàn tí ó lé ní 150 ti kú nínú omi àti iná ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Júùnù, 2015. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n òjò láti ilé-iṣẹ́ tí ń wo ojú ọjọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn lẹ́bàá àwọn gọ́tà kí ó sì ya àwòrán wọn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣòwò Circle lẹ́nu wò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka ohun tí àwọn mìíràn ti kọ. Ẹnì kan yóò ṣe ìṣirò. Ẹnì kan yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ó ti rọrùn tó lẹ́nu nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe ìṣirò kò lè bẹ̀rẹ̀ títí ìwọ̀n òjò yóò fi dé. Lẹ́tà tí a fi ń béèrè ìwọ̀n òjò kì í sì í gba èsì ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kìíní ni lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ jáde. Ẹgbẹ́ tí ó bá jókòó kọ ètò sílẹ̀ yóò rí èyí ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tí kò kọ ètò yóò rí i ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nígbà tí ẹ̀pa kò bá oró mọ́.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí "ó ti parí" túmọ̀ sí pẹ̀lú. "Màá bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀" kì í ṣe ètò. Ìlérí òfuurufú ni. "Ìdáhùn oníṣòwò 20, tí a kọ sí ojú ewé mẹ́rin, tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò rí ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta" ni ètò. Bí àìsàn bá sì ṣe ẹnì kan, kí a má ṣe pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kí a fa igi lé e, kí a kọ ọjọ́ tí a yí i padà, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbà á ṣe. Ìyípadà tí a kọ sílẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò jìnnà. Ní 1968, ní San Francisco, Douglas Engelbart fi han ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ẹni méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ti lè máa ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan náà lójú kọ̀ǹpútà. Ohun ìyanu ni ní ọjọ́ náà. Láti 2006 ni Google ti gbé irú rẹ̀ síta fún gbogbo ayé láìgba owó, ó sì ń pa ìtàn ìwé náà mọ́: ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ọjọ́ àti wákàtí tí ó kọ ọ́. Fóònù tí ó ń gbé ariwo WhatsApp lè gbé èyí náà.

Àwọn tí ó ń tako ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàìní àwíjàre. Àwọn kan ní dátà wọ́n, wọ́n ní iná mànàmáná kì í dúró, wọ́n rán gbogbo ènìyàn létí àwọn ọdún dumsor, àti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Mááṣì, 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já, tí íntánẹ́ẹ̀tì Gánà àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì í sì dákú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ètò? Pátákó tí a lẹ ìwé mọ́ ní ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kọjá yóò ṣe é. Ìwé àjákọ kan tí ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ yóò ṣe é. Káàdì Makola kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì rí. Kí a jọ kọ ọ́, kí gbogbo wa sì lè rí i, ni ó ṣe pàtàkì. Ibi tí a kọ ọ́ sí kò tó nǹkan.

Àwọn mìíràn ní ìwé kíkọ láàárín ọ̀rẹ́ jẹ́ àmì àìgbẹ́kẹ̀lé. Kí àwọn yìí wo Ashesi, yunifásítì tí Patrick Awuah dá sílẹ̀ ní Accra ní 2002, tí ó sì ti wà lórí òkè Berekuso láti 2011. Níbẹ̀, láti 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dìbò láti gba òfin ọmọlúàbí kan, èyí tí ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìdánwò láìsí olùṣọ́. Kò sí ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, òfin tí a kọ sílẹ̀ ni. Wọ́n kà á, wọ́n sì fi ìbò gbà á. Ìwé kò pa ìgbẹ́kẹ̀lé wọn. Ìwé ni ó gbé e dúró.

Ẹlòmíràn yóò rántí Alájọ Ṣómólú, tí àwọn ènìyàn ń wí pé ó gba àjọ títí láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣì í san. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí a fi ń júwe ọlọ́pọlọ pípé? Nítorí pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni. Bí gbogbo orí bá ṣe bẹ́ẹ̀ pé, ta ni ìbá máa dárúkọ tirẹ̀? Kò bójú mu kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí ó ń gbàgbé ọjọ́ ìpàdé fi orí Alájọ Ṣómólú ṣe àwáwí.

Àtakò kan ṣoṣo ni ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìwé ètò lè di ìbòjú. Ẹnì kan tí ó fẹ́ràn àṣẹ lè dá kọ ọ́, kí ó sì pe ìpín tí ó wù ú ní ètò gbogbo ẹgbẹ́. Tàbí kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa fún ojú olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n má sì wò ó mọ́. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe pé kí a da ìwé nù. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí a pín iṣẹ́, kí ìpín rẹ̀ má ṣe dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ètò tí kò sì ní àtúnṣe kankan lára láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, òkú ètò ni, olùkọ́ tí ó bá ní ojú yóò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ padà dé yìí, ibẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń wo ìwé ìparí nìkan, tí ó sì fún orúkọ mẹ́fà ní máàkì kan náà, ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan: pé ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní parí sí kíláàsì. Yóò bá wọn dé ilé-iṣẹ́, yóò bá wọn dé ọ́fíìsì ìjọba. Olùkọ́ yóò ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òun pọ̀ jù, òun kò lè máa ṣọ́ wọn. Nítorí náà gan-an ni ó fi yẹ kí ó béèrè ìwé ètò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fi wo ètò ẹgbẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wákàtí mẹ́wàá kò tó láti fi yanjú ìjà ẹgbẹ́ kan náà nígbà tí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́. Kí ó ya díẹ̀ nínú máàkì sọ́tọ̀ fún ètò náà àti fún bí wọ́n ti tẹ̀ lé e. Ohun tí olùkọ́ kò bá fún ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kà á sí iṣẹ́.

Iná mànàmáná tí ó ń tàn ní àwọn kíláàsì Accra, Akosombo ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá láti ọdún pípẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìdídò odò Volta níbẹ̀ ní 1961, ìgbìmọ̀ kan ti jókòó lórí ètò rẹ̀, wọ́n sì ti tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 1956 ní ìdìpọ̀ ìwé mẹ́ta. Nígbà tí a ṣí i ní oṣù Jánúárì, 1966, iṣẹ́ ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó parapọ̀ di ògiri kan. Ìwé ni ó ṣáájú kọnkéré. Àwọn tí yóò kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ iwájú wà ní Legon lónìí, ẹni mẹ́fà mẹ́fà, lábẹ́ igi, wọ́n ń gba nọ́ńbà ara wọn. Kí wọ́n tó dìde níbẹ̀, kí wọ́n mú ìwé kan jáde, kí wọ́n kọ iṣẹ́ sí i, kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Kí ẹni tí ó ń lọ wọ trotro Kasoa mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání, kí ó lè mọ ebè tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ ní ọ̀la pé kò wá sí oko.